Orin Ọṣẹ Tí Ọ̀gá Ní Òun Kọ

Ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan l'Óregun ni mo ti gbọ́ obìnrin kan tó gbé ìwé tuntun nípa àwọn àgbà olùpolówó ọjà Ìkejà dání, tó ń bi ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ léèrè.

"Ọ̀gá, ẹ ní ẹ̀yin lẹ kọ orin ìpolówó ọṣẹ yẹn?"

"Ṣebí ilé iṣẹ́ mi ló ti jáde."

"Àbújá lẹ wà nígbà yẹn, sà. Èmi ni mo jókòó kọ ọ́."

"Ìwọ náà! Fọkàn balẹ̀, orúkọ ẹ wà lẹ́yìn ìwé."

Ó ṣí i. Lóòótọ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó bá ọ̀gá tẹ orin náà sórí kọ̀ǹpútà.

"Taípíìsì lẹ wá sọ mí dà?"

Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ tijú: "Àbí ìwọ kọ́ lo tẹ̀ ẹ́?"