Oògùn Tí Kì í Di Ọjọ́ Kejì

Nígbà tí gbogbo wa ṣì ń pe ara wa ní kámáráàdì bí ìjọba ṣe pàṣẹ, mo ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìyá kan tó gbé àpò gbodo sẹ́sẹ̀ sì ń ṣàròyé fún bàbá kan tó jókòó tì í.

"Ọmọ mi ni olórí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Faransé. Oògùn ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á gún un fún aláìsàn, á máa tàn nínú ara rẹ̀, ẹ̀rọ á sì rí ibi tí àrùn wà."

"Ìyá, ọmọ yín mà ti di ńlá o!"

"Ńlá wo? Oògùn tí wọ́n ṣe láàárọ̀, kó tó di ọjọ́ kejì, agbára rẹ̀ ti tán! Gbodo mi yìí ńkọ́? Iṣu èṣí tí mo bọ̀, tí mo sì sá gbẹ ni, kò tíì bàjẹ́. Mo bá kọ lẹ́tà sí i pé kó se oògùn ọ̀hún díẹ̀, kó sá a sórí àpáta."

"Ó fèsì?"

"Rárá o."

Bàbá náà mú gbodo kan nínú àpò, ó tẹ̀ ẹ́ wò. "Ṣé ẹ sọ fún un pé kó dúró de ọyẹ́?"

Ìyá náà káwọ́ lérí. "Yéè! Ọmọ mi ti sá a nígbà òjò!"