Ẹ̀jẹ̀ Mi Ló Jẹ́rìí Mi

Lásìkò tí wọ́n ń la títì ńlá tó lọ sí Àgbádárìgì, mo jókòó ti ìyá onílé kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní ọsibítù kan ní Ọ̀jọ́. Màmá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni.

"Dókítà ní nǹkan kan wà lọ́rùn mi tó ń ṣiṣẹ́ jù. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Òun ló ń jẹ́ kí àyà mi máa sáré, òun náà ni kì í jẹ́ kí n sùn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. A rò pé orí yín ti fẹ́ dàrú ni."

"Ìyẹn lẹ ṣe gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ mi ló jẹ́rìí mi."

Ó tún un sọ, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán lẹ́nu òun. Àbúrò rẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́ náà lápò, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Tí ẹ bá ti ń lo oògùn, ariwo tí ẹ ń pa mọ́ àwọn ayálégbé á dópin nìyẹn."

"Àwọn tó ń da omi ìfọṣọ sẹ́nu ọ̀nà mi? Ariwo yẹn ò sí nínú ẹ̀jẹ̀. Èmi gan-an nìyẹn."