Ìlà Dúdú tí Mo Fà Sára Okùn

Ẹ̀yin ará gbọ̀ngàn ìtafà, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì fa ọrun. Mo ní kí Alága bá mi ka ìwé yìí sétígbọ̀ọ́ gbogbo yín nítorí pé mo mọ ara mi: bí mo bá ní kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, ẹkún ni màá fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì ti ṣàánú mi tán kí ẹ tó mọ ohun tí mo ṣe. Mi ò fẹ́ àánú tí kò tọ́ sí mi. Mo dúró síbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kí ẹ lè máa wo ojú mi bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń jáde. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tó ogún ọdún, oṣù méje péré ni, àmọ́ oṣù méje náà ti tó láti ba ayé èèyàn rere kan jẹ́. Ọ̀gá kò ṣe àṣìṣe kankan lára ọrun Abẹ́rẹ́. Èmi ni mo ṣe é. Ọwọ́ mi yìí náà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àárín wa, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ọ̀gá tó ń tún ọrun ṣe ní yàrá ẹ̀yìn ọ̀hún, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Láti kékeré ni mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀; ọ̀gá mi ni níbi iṣẹ́, bàbá mi ni nílé. Òun ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀, àfi ọ̀rọ̀ ìfẹ́, nítorí inú ìwé ni mo ti kọ́ ìyẹn. Mo ní àpótí kan lábẹ́ ibùsùn tó kún fún ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, àwọn tí ọkùnrin máa ń ti inú òjò wọlé lójú ìwé kẹta, tí ọmọbìnrin á sì dákú lójú ìwé kẹwàá. Màmá, ìyàwó Ọ̀gá, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọn kì í jẹun nínú ìwé tìẹ ni? Ìfẹ́, ìfẹ́, ìfẹ́! Ta ló ń fọ abọ́ níbẹ̀?" Èmi á rẹ́rìn-ín, màá sì ṣí ojú ìwé mìíràn. Ìgbà tó wá di ọjọ́ kan, Abẹ́rẹ́ wọlé tọ̀ wá wá, òjò ti pa á, ara rẹ̀ tutù rinrin, ó gbé ọrun rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀wù kí omi má bàa kàn án. Ẹ wò ó, ojú ìwé kẹta gan-an nìyẹn! Ẹ̀yin náà mọ ìdí tí ẹ fi ń pè é ní Abẹ́rẹ́: ibi tí ọfà rẹ̀ àkọ́kọ́ bá gún ni ìkejì máa ń tọ̀, bí ìgbà tí aránṣọ bá ń tọ ojú rírán. Ní tèmi, àyà mi ló kọ́kọ́ gún.

Ọrun oníkẹ̀kẹ́ ni tirẹ̀, èyí tó ní kẹ̀kẹ́ kékeré lókè àti nísàlẹ̀. Ó ra ìjókòó ọfà tuntun fún un, irú èyí tí okùn tín-ín-rín kan so ó mọ́ apá ọrun. Ìjókòó náà ní ahọ́n irin kékeré tí ọfà máa ń sùn lé. Nígbà tí ọrun bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, okùn yẹn á le tantan, á fa ahọ́n sílẹ̀. Bí èèyàn bá fa ọrun, apá ọrun á tẹ̀, okùn á dẹ̀, ahọ́n á dìde gbé ọfà. Bó bá ti jọ̀wọ́ ọfà, apá ọrun á padà nà, okùn á le, á fa ahọ́n lulẹ̀ wàì kí ìyẹ́ ìdí ọfà tó kọjá lórí rẹ̀. Bí okùn bá fi ìwọ̀n hóró ìrẹsì méjì gùn jù, ahọ́n ò ní sùn tán, ìyẹ́ á gbá a, ọfà á sì yà bàrá. Odindi ọjọ́ méjì ni Ọ̀gá fi ṣe é. "Má kánjú," ló ń wí fún mi, "okùn yìí kì í gba ẹ̀bẹ̀." Á bu àtíkè Màmá sára ìyẹ́ ọfà, á ta á mọ́ àpò koríko nítòsí, á wá tẹjú mọ́ ahọ́n. Bí àtíkè bá lẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹ́ ti gbá a nìyẹn. Á tú okùn, á tún un so, á tún bu àtíkè. Màmá á máa pariwo láti ìta: "Ọfà ló ń lo àtíkè mi tán, èmi wá ń lọ sóde lójú gbígbẹ!" Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, ahọ́n mọ́ tónítóní. Ọ̀gá fi okùn sẹ́nu ìdè irin tó wà lára apá ọrun, ó fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa, ó wá pè mí: "Ó yá, wá fa ìlà rẹ." Iṣẹ́ tèmi nìyẹn lára gbogbo ọrun tó bá jáde níbẹ̀. Kálàmù dúdú ẹlẹ́nu tín-ín-rín ni mo fi máa ń fa ìlà sára okùn, gẹ́lẹ́ níbi tó ti wọ inú irin. Bí okùn bá yọ̀ lọ́jọ́ iwájú, ìlà á kúrò lẹ́nu irin, gbogbo ayé á sì rí i. Bí ìlà bá wà níbi tó wà, a jẹ́ pé bí Ọ̀gá ṣe so ó ló ṣì wà. Kò sẹ́ni tó ń bá ìlà yẹn jiyàn nínú gbọ̀ngàn yìí.

Ẹ rántí ìdíje ńlá yẹn, pé ẹni tó bá gbégbá orókè ni wọ́n máa mú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìtafà lókè òkun fún ọdún méjì. Abẹ́rẹ́ bá mi jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú níbí, ó ní, "Ọdún méjì kì í pẹ́. Màá máa kọ̀wé sí ẹ." Mo ní, "Lójoojúmọ́?" Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ìgbà wo ni màá wá ta ọfà?" Mo bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Nínú ìwé tèmi, ọkùnrin tó bá sọdá òkun, lẹ́tà oṣù àkọ́kọ́ máa ń nípọn, ti oṣù kejì á pẹlẹbẹ, ti oṣù kẹta á wá di fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ẹlòmíì. Mo wá bi í, bí ẹni ń ṣeré, "Tí o ò bá wá borí ńkọ́?" Ó fìka kàn mí nímú. "Màá wà níbí, màá máa yọ ẹ́ lẹ́nu títí tá a máa fi darúgbó." Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ eré lásán ni lẹ́nu rẹ̀. Nínú ọkàn tèmi, ó di ọ̀nà àbáyọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ẹ rí bó ṣe ń ta. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n ní ká lọ jẹun ká tó padà wá fún ìpele àṣekágbá, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọrun fún mi. "Bá mi tọ́jú ẹ̀, olólùfẹ́. Ìwọ nìkan ni mo lè gbé e fún." Mo gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo ti ilẹ̀kùn. Mi ò ní di ẹ̀bi ru èṣù, nítorí èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo mú sípánà, mo tú nọ́ọ̀tì yẹn díẹ̀, mo jẹ́ kí okùn yọ̀ ní ìwọ̀n hóró ìrẹsì méjì, mo tún fún un pa. Ìlà dúdú mi bá jáde kúrò lẹ́nu irin, ó dúró sí gbangba bí ẹlẹ́rìí. Mo lè ṣíwọ́ níbẹ̀. Ká ní mo fi ìlà yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi okùn ni wọn ì bá pè é, kò sẹ́ni tí ì bá fọwọ́ kan orúkọ Ọ̀gá. Àmọ́ mo rò ó pé bí Abẹ́rẹ́ bá tún un yẹ̀ wò, á rí i. Mo bá rẹ àkísà sínú sípíríìtì tá a fi ń nu gọ́ọ̀mù, mo nu ìlà náà títí tó fi pa rẹ́ lójú mi, mo sì mú kálàmù, mo fa òmíràn síbi tuntun. Ó gún régé. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n rárá. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí títí dòní. Bí mo ṣe dé kálàmù ni mo gbọ́ ohùn Ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà: "Ṣé o wà níbẹ̀? Mo ti bu oúnjẹ tìẹ sílẹ̀, má jẹ́ kó tutù." Mo ní, "Mò ń bọ̀, Bàbá." Ó ní, "Ọrun ńkọ́? Ṣé kí n tún un wò?" Mo ní ó wà dáadáa. "Kò burú," ló wí, "bí ìwọ bá ti wò ó, mo ti wò ó nìyẹn." Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Mo jẹ oúnjẹ náà. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, kí ni mo fẹ́ ròyìn? Ọfà àkọ́kọ́ yà sí ẹ̀gbẹ́, Abẹ́rẹ́ wo ìka rẹ̀. Ìkejì jìnnà sí i, ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ tò. Ìkẹta fi gbogbo ojú àmì sílẹ̀, ó lọ gún pákó, gbogbo ilé sì ṣe "Háà!" Ó ń ta á, ó ń wò mí láàárín èrò, bí ẹni ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi. Ipò kẹrin ló gbà. Lẹ́yìn náà ni Alága àti àwọn adájọ́ gbé ọrun náà sórí tábìlì. Wọ́n bu àtíkè sí ìyẹ́, wọ́n ta á lẹ́ẹ̀kan, ahọ́n sì funfun báláú. Ẹnì kan béèrè pé, "Ti àárọ̀ ńkọ́?" Ẹlòmíì dáhùn pé ó ti lè máa fara kàn án díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, oríire ló gbé e débẹ̀. Alága tẹjú mọ́ okùn, ó ní, "Okùn ò yọ̀. Ìlà wà níbi tó wà. Bí wọ́n ṣe so ó nìyí." Wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀gá. Ó wo ọrun, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Alága wá yíjú sí mi: "Ìwọ lo fa ìlà. Ṣé ibí yìí ni Ọ̀gá so ó sí nígbà tó ní kí o fà á?" Dúdú kálàmù ṣì wà lára àtàǹpàkò mi. Mo ká a mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Mo ní, "Ibẹ̀ ni, sà." Ẹ jọ̀wọ́, gbogbo ohun tí mo ti ṣe ṣáájú, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré yẹn. Bàbá tó tọ́ mi ò tiẹ̀ wò mí pẹ̀lú ìfura. Ó kàn mi orí, ó ní, "Ọmọ mi kì í fa ìlà síbi tí kò tọ́. Ojú mi ló ti ń bà jẹ́. Ẹ má bínú." Ó bẹ̀ yín. Ó bẹ Abẹ́rẹ́ náà. Mo dúró, mò ń wò ó.

Láti ọjọ́ náà, ẹ ò gbé ọrun yín lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Mi ò bá yín wí. Ọsán já, ọrun dọ̀pá. Oníṣẹ́ tí wọn ò gba ọwọ́ rẹ̀ gbọ́ mọ́, kí ló kù? Abẹ́rẹ́ fi ọrun yẹn kọ́ orí ìṣó lára ògiri níbí, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kò lọ. Ó dúró tì mí, ó ní kí n fẹ́ òun, mo sì gbà. Mo rí ohun tí mo fẹ́ gbà, ẹ̀yin ará. Kò sí alẹ́ kan tó dùn mọ́ mi nínú ẹ̀. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Màmá fipá mú Ọ̀gá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín: "Bàbá, ojú yín mọ́ ju tèmi lọ." A rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ó délé, ó jókòó, kò bọ́ bàtà. Ó ní, "Tí kì í bá ṣe ojú, a jẹ́ pé orí ni." Mi ò mọ ohun tó fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe àfi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí Màmá fà mí wọ ilé ìdáná tó pa ilẹ̀kùn dé. Ó fi ìwé kan hàn mí. Ọ̀gá ló kọ ọ́, orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ọjọ́ òní, iye ìdè tó wà lára ọrun. Gbogbo òwúrọ̀ ló ń kọ ọ́, á fi wé ti àná. Màmá ní, "Ó ní ọjọ́ tí òun bá gbàgbé orúkọ kan, kí n kó gbogbo ọ̀bẹ iṣẹ́ òun pamọ́. Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé ìwọ náà rí i pé nǹkan ń ṣe é?" Mo wo ìwé náà. Orúkọ mi ló wà lókè, ṣáájú ti àwọn tó bí.

Bàbá, orí yín pé. Ojú yín pé. Ẹ má jókòó, ẹ wá síwájú. Alága, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ìwé kíkà yìí dúró díẹ̀, kí ẹ gbé ọrun yẹn kúrò lórí ìṣó, kí ẹ gbé e sójú fèrèsé. Ẹ wo okùn náà níwájú ìlà dúdú, ní ìwọ̀n hóró ìrẹsì méjì sí ẹnu irin. Sípíríìtì nu òkè, kò wọ inú ìhun. Ẹ óò rí ìlà kan tó rí bàìbàì bí eérú. Ìlà tí Bàbá ní kí n fà nìyẹn. Ó ti wà níbẹ̀ láti oṣù méje, kò kàn sẹ́ni tó wá a ni, nítorí kò sẹ́ni tó fura sí mi.

Abẹ́rẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ, mi ò lè dá a padà. Aṣọ ìgbéyàwó wà lọ́dọ̀ aránṣọ. Mo ti ní kó dá iṣẹ́ dúró títí màá fi gbọ́ ẹnu rẹ. Bí o bá ní kó tú u, kó tú u. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn, tẹ́ ẹ ń yá ìwé mi kà, ẹ máa kà á lọ, ó dùn. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ kíyè sí i: kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ ẹni tó ń san gbèsè ìfẹ́ tá a fi olè gbà. Mo wá rí i báyìí. Bàbá arúgbó kan ló ń san án, láràárọ̀, pẹ̀lú bírò.

Bàbá, mo ra àtíkè tuntun, ó wà nínú àpò mi. Ẹ so okùn náà padà sí ìlà eérú yẹn. Ẹ bu àtíkè, kí ẹ ta ọfà kan níwájú gbogbo wọn. Bí ahọ́n bá mọ́, ẹ lọ sílé, ẹ ya ìwé orúkọ yẹn dànù. Bó bá sì wù yín, kí ẹ tó ya á, ẹ kọ́kọ́ pa tèmi rẹ́ kúrò lókè.