Bí Mo Ṣe Pa Iṣẹ́ Ẹ̀bùnọlá Rẹ́

Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n dúró. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń jókòó sọ. Olóyè Ilésanmí, alága ìgbìmọ̀, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí tí ẹ ti Òkè-Ìlá àti Ìjàn wá, ẹ rò pé mo pè yín láti wá ṣàlàyé ìdí tí kọ̀ǹpútà ńlá tí a rà fi dákẹ́. N ó ṣàlàyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ burú ju ẹ̀rọ tó bàjẹ́ lọ, ó sì ti sú mi láti máa bò ó. Mo purọ́ fún yín ní oṣù keje ọdún 1978. Inú gbọ̀ngàn yìí gan-an ni mo ti pa á, mo gbé ọwọ́ lé Bíbélì kí n tó pa á. Ẹ má tíì kùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí inú tó ń bí mi sí ara mi tó dí mi lẹ́nu.

Ẹ mọ̀ mí. Olúmúyìwá Bámgbóyè ni mí, olórí àwọn olùkọ́ ìṣirò. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ń kọ́ ọmọ yín. Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, èmi àti olùkọ́ márùn-ún ni a máa ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ro máàkì àwọn ọmọ papọ̀, tí a ó máa fi pẹ́ńsù kọ ọ́, tí a ó máa fi rọ́bà pa á rẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1978 ni Ẹ̀bùnọlá Akínyẹlé ti Amẹ́ríkà dé, tí ìjọba fi í ṣọwọ́ sí wa. Ọmọ Bàbá Akínyẹlé ni, olùkọ́ ìjọ tó ti fẹ̀yìn tì ní Òkè-Ìlá. Ó gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan bọ̀, tí ó fi owó iṣẹ́ ara rẹ̀ rà níbẹ̀. Ó rí bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kásẹ́ẹ̀tì bí èyí tí a fi ń gbọ́ orin ló sì ń fi tọ́jú ètò tó ń darí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi kọ ètò tó ń ṣírò máàkì. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wa, ọ̀sán ọjọ́ kan ló fi parí rẹ̀ lórí gbogbo àwọn ọmọ kíláàsì kẹta. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀. Mo wá àṣìṣe títí ojú fi ń ro mí, n kò rí ẹyọ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí, ẹ rò pé inú mi dùn? Ìlara ni mo ṣe. Ọmọ tí mo kọ́ ní ìsọdipúpọ̀ nígbà tó wà ní kíláàsì kìíní!

Oṣù kẹrin ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí àtijọ́ tó wà lókè òkun kọ̀wé pé àwọn fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún wa, kí a yan èyí tó bá wù wá. Ìgbìmọ̀ ní kí èmi àti Ẹ̀bùnọlá yẹ̀ wọ́n wò, kí a mú ìmọ̀ràn wá. Méjì ló délẹ̀: irú ti Ẹ̀bùnọlá, pé kí a ra mẹ́rin rẹ̀, àti ẹ̀rọ ńlá kan tó tó kọ́bọ́ọ̀dù, tí Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè, aṣojú ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó, gbé wá fi hàn wá. Ojú mi wọ èyí tó tóbi. Ṣùgbọ́n Ẹ̀bùnọlá ní, "Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ ká wo bó ṣe tóbi. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa pé kí la fẹ́ fi í ṣe. Bó bá bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe ní Adó níbí? Ṣé ó lè fara da iná wa tó ń lọ tó ń bọ̀, àti eruku ọyẹ́? Ṣé àwa fúnra wa lè kọ ètò tuntun sínú rẹ̀, àbí Èkó la ó máa lọ bẹ̀bẹ̀ sí ní gbogbo ìgbà?" Ó bi Ọláoyè ní ìbéèrè wọ̀nyí lójú mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọláoyè kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu òógùn.

Ọjọ́ kejì ni Ọláoyè wá bá mi ní àdúgbò Adébáyọ̀, ó ní kí n wọ inú ọkọ̀ òun. Ó ní, "Ọ̀gá Bámgbóyè, ṣé ọmọdébìnrin yẹn ni yóò máa kọ́ yín níṣẹ́ yín ni? Ẹ gbọ́. Bí wọ́n bá ra tiwa, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó ní London, oṣù mẹ́ta gbáko. Orúkọ yín ni n ó fi ránṣẹ́." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Àmọ́ ẹ̀rọ kékeré yẹn kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lójú ìgbìmọ̀ o." Kò sọ bí n ó ṣe ṣe é fún mi. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Èṣù ló tì mí. Èmi ni mo ronú rẹ̀ fúnra mi, pẹ̀lú làákàyè tí ìjọba ń sanwó fún.

Kásẹ́ẹ̀tì méjì ni Ẹ̀bùnọlá ní. Ọ̀kan wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Èkejì, èmi ló gbé e fún. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi tọ́jú èyí. Bí nǹkan bá ṣe tọwọ́ mi, a ó rí tọwọ́ yín lò." Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ ènìyàn sọ fún mi! Ní Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ tí ìgbìmọ̀ yóò jókòó, nígbà tí gbogbo wọn jáde lọ jẹun ní ìsinmi, mo lọ mú òòfà ńlá inú yàrá físíìsì. Mo mọ̀ pé ohun tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì kì í lè dúró níwájú òòfà. Mo fi pa tọwọ́ mi lára síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà mo wọ yàrá àwọn olùkọ́, mo fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí tirẹ̀, mo dá a padà sí ààyè rẹ̀. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níta. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, n kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún láti pa á rẹ́.

Ẹ̀yin náà wà níbí lọ́jọ́ Ẹtì yẹn. Ẹ rí i bó ṣe tan tẹlifíṣọ̀n, tó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ, tí nǹkan kan kò jáde. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Kò bẹ̀rù. Ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Èkejì wà lọ́wọ́ Ọ̀gá." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un bí ẹni gbé ẹ̀bùn. Nígbà tí èyí náà dákẹ́, ojú rẹ̀ yí padà. Olóyè, ẹ bi mí bóyá mo rí ètò yìí kó ṣiṣẹ́ rí. Mo gbé ọwọ́ lé Bíbélì, mo ní n kò rí i rí, pé ìwé tó ti kọ máàkì sí nìkan ló fi hàn mí. Ó ní, "Olóyè, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, n ó tún un kọ." Èmi ni mo dáhùn, kí ẹ tó lanu: "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún kí ni? Kó lè ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ṣe ohun tó ní òun ti ṣe?" Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí pé ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hùmọ̀ máàkì àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó gbà á síṣẹ́, wọ́n lé e. Inú bí mi sí ẹ̀yin náà, n kò ní í tan yín. Ó yá yín lára jù láti gbà gbọ́ pé obìnrin kò lè ṣe é.

Ẹ ra ẹ̀rọ ńlá ti Ọláoyè, mo sì lọ sí London. Ní ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, òyìnbó tó ń kọ́ wa ní irú ẹ̀rọ ńlá tí a rà yẹn, wọn kò ṣe é mọ́. Ẹ̀rọ kékeré bíi ti Ẹ̀bùnọlá ló fi kọ́ wa. Ó ní kí olúkúlùkù tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ béèrè ohun tó fẹ́ fi í ṣe, àti ẹni tí yóò tún un ṣe. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Mo padà dé, mo bá tiwa tí ọyẹ́ ti pa, tí wọ́n fi aṣọ bò ó. Ọláoyè ní kò sí ẹ̀yà rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin sì fi mí ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà. Ìsọ̀ kan ní Adébáyọ̀ ni Ẹ̀bùnọlá ti ń tẹ lẹ́tà fún àwọn tó ń wá iṣẹ́. Mo máa ń gba ọ̀nà mìíràn kí n má bàa kọjá níwájú rẹ̀.

Èyí tí mo ti sọ yìí burú. Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yìí, Bàbá Akínyẹlé ránṣẹ́ pè mí. Orí ibùsùn ni mo bá wọn, wọ́n ti gbẹ. Wọ́n ní, "Bámgbóyè, káàbọ̀ sí ulé mi. Ayé ti ń tán lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Ẹ̀bùn ní òun ṣe uṣẹ́ náà. Ìgbìmọ̀ ní kò ṣe é. Ìwọ lo mọ ìdí rẹ̀. Ṣé ọmọ mi purọ́?" Èmi àti wọn nìkan la wà níbẹ̀. Kò sí ìgbìmọ̀, kò sí Ọláoyè, London ti parí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọrọ kí wọ́n fi kú. Mo ro ipò mi, mo ro ojú tí ẹ ó fi máa wò mí. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi dárí jì í. Ìwà ọmọdé ni. Kò sí nǹkan kan nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀." Èmi! Èmi ni mo ń bá a bẹ bàbá rẹ̀! Wọ́n wò mí lójú. Wọ́n ní, "Ó dáa. O ṣeun tó o wá." Wọ́n yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n kú. Níbi ìsìnkú, Ẹ̀bùnọlá wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣé. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ kí Bàbá mi, wọ́n pè mí. Wọ́n ní ẹ jẹ́rìí fún àwọn pé n kò purọ́, pé ẹ̀rù ìgbìmọ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Wọ́n ní kí n má bá yín bínú. Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n máa rí oorun sùn." Àwọn ènìyàn gbé àga fún mi, wọ́n ní ọ̀fọ̀ náà ló wọ̀ mí lára. Lánàá ni mo sọ fún ìyàwó mi. Ó lọ mú ẹ̀wù òtútù tí mo rà bọ̀ fún un láti London, ó gbé e síwájú mi, ó ní, "Ẹ wá gbé e. N kò lè wọ ẹkún ọmọ ẹlòmíràn."

Ẹ̀bùnọlá, ìwọ tí o jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ní báyìí o ti gbọ́. N kò jẹ́rìí kankan fún ọ. N kò mọ̀ bóyá Bàbá rí irọ́ lójú mi, tàbí wọ́n gbà mí gbọ́ tí wọ́n kàn fẹ́ kó o rí ara gbé e. N kò lè bi wọ́n mọ́ láé. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé bàbá rẹ pa láyé nìyẹn, èmi ni mo sì fi sí wọn lẹ́nu. Má sọ pé o dárí jì mí lónìí. Lọ sílé, kí o bínú dáadáa. Bó bá di ọjọ́ kan tí o lè ṣe é, mo ń bẹ̀ ọ́.

Olóyè, ìwé tí mo fi fi iṣẹ́ sílẹ̀ wà lórí tábìlì yín. Ìwé kejì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ bu ọwọ́ lù ú kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó lé ọmọ yìí, kí wọ́n mọ̀ pé kò jẹ̀bi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ fi nǹkan méjì wé ara wọn, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí, kódà bó jẹ́ pé ọmọ tí ẹ kọ́ ló mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nígboro, pé ayé kọ̀ǹpútà ló dé, pé ẹ̀rọ òyìnbó ló ba ọmọ Akínyẹlé jẹ́. Bí ẹ bá dé ìta, ẹ sọ fún wọn pé irọ́ ni. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Bámgbóyè ló bà á jẹ́.