Adágún Ẹlòmíràn Ni Ọkọ Mi Ń Ṣọ́

Ẹ̀yin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Bí mo bá kírun tán, tí mo tẹ́wọ́ àdúà, mo máa ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọta ìbọn kàn ha ọkọ mi lẹ́sẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n lè dá a padà fún mi sílé wa ní Atíkorí. Ẹ ò rí ayé mi bí! Ṣé ohun tó yẹ kí ìyàwó máa tọrọ fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn? Àárò rẹ̀ ló sọ mí dà báyìí.

Ọmọ apẹja ni, ará Efire. Nígbà tó wọ iṣẹ́ sójà, tí wọ́n rí i pé ó mọ ọkọ̀ ojú omi wà, wọ́n gbé e lọ sí adágún ńlá kan lápá Borno, níbi tí àwọn agbésùnmọ̀mí sá pamọ́ sí. Àwọn ìkà yẹn ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja, òun ni wọ́n fi ń ra ìbọn. Ni àwọn ọ̀gá bá pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má pẹja mọ́. Ọkọ mi, tó jẹ́ pé owó ẹja ni wọ́n fi rán an nílé ìwé, ni wọ́n ní kó máa dáná sun àwọ̀n aláwọ̀n! Ó ní bàbá arúgbó kan di òun lẹ́sẹ̀ mú, ó ń sunkún, òun ò sì gbọ́ èdè rẹ̀. Nígbà tó gba ìsinmi wálé, a lọ kí bàbá rẹ̀ ní Efire. Bàbá gbé àwọ̀n fún un, wọ́n ní, "Ọmọ mi, jẹ́ ká jọ lọ dà á." Ó wo àwọ̀n náà títí, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú," ó sì lọ jókòó sẹ́yìn ilé. Ọkùnrin tó máa ń fi omi wọ́n mi nínú ọkọ̀ títí n ó fi máa pariwo! Mi ò rí ẹni yẹn mọ́ títí ó fi padà lọ.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, iṣẹ́ wọn so èso. Wọ́n lé àwọn agbésùnmọ̀mí kúrò ní erékùṣù kan níbẹ̀, àwọn apẹja padà sójú omi, àwọn ọmọ padà sílé kéú. Ó fi fídíò pè mí lórí fóònù, ó fi obìnrin kan tó ń yan ẹja hàn mí, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà sọ̀rọ̀, ọkọ mi, tó ti ń gbọ́ èdè wọn díẹ̀díẹ̀, túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ, pé òun ti ń rí oorun sùn." Mo rẹ́rìn-ín sí i, èmi tí oorun ti dá lójú mi.

Ní báyìí, àsìkò tó fọwọ́ sí pé òun máa lò lójú adágún náà ti fẹ́ pé. Ó ní, "Ìyá Àwáwù, bí o bá ní kí n máa bọ̀, màá bọ̀. Àmọ́ àwa tá a mọ omi níbí ò pọ̀ o." Kí ló dé tó gbé e lé mi lọ́rùn? Mo fẹ́ ọkọ mi! Mo fẹ́ máa gbọ́ ikọ́ rẹ̀ ní bálùwẹ̀ láàárọ̀, mo fẹ́ kó máa bá mi jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. "Máa bọ̀" ti wà lẹ́nu mi, obìnrin ẹlẹ́ja yẹn ni kò jẹ́ kó jáde. Bó bá wálé, tí àwọn ìkà yẹn sì tún wọ erékùṣù náà ńkọ́?

Lẹ́yìn Jímọ̀ ọ̀la ló máa pè mí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ọkọ yín wà nílé lálẹ́ òní, ẹ rọra bá mi sọ ọ́ o.