Àwọn Ọkùnrin Mọ́kànlélógún Etí Odò Tarver

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Tarver, ẹ fi ìwé Látìnì yín sílẹ̀ ná. Dókítà ní ọkàn mi ò ní bá ìkórè òwú tó ń bọ̀. Ìgbìmọ̀ ilé ìwé ní kí n máa sinmi, kí n má kọ nǹkan kan mọ́. Mo gbọ́, mo sì kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Èmi Leander Hargrove, ọ̀gágun àwọn ará Gúúsù nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ọ̀gá ilé ìwé yín lẹ́yìn ogun, mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ kòtò. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, òtítọ́ ò sì bá a. Èmi fúnra mi ni mo dúró dè é.

Nínú ìwé ìtàn tí mo kọ, tí gbogbo ilé ìwé Alábámà ń lò, ẹ ti kà á pé ní odò Tarver, àwọn ọmọ ogun Àríwá jà títí dé orí ẹni tó kẹ́yìn, kò sí ẹni tó juwọ́ sílẹ̀. Ẹ ti há a sórí. Mo ti na àwọn kan nínú yín lẹ́gba torí pé ẹ ò lè kà á láìwo ìwé. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á.

Oṣù kọkànlá ọdún 1864 ni. A ká ọ̀wọ́ ọmọ ogun Àríwá kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn ilé ọlọ tó wà létí odò náà. Aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn, ẹrú wa àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Ọ̀gá wọn, òyìnbó, ti kú láàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n so ẹ̀wù funfun mọ́ ẹnu ìbọn, sájẹ́ǹtì kan sì gbé e jáde. Gideon ni.

Oko bàbá mi ni wọ́n bí Gideon sí, ìgbà ìrúwé kan náà ni wọ́n bí àwa méjèèjì, ọmú ìyá rẹ̀ la sì jọ mu. Òun ló kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ mú ẹja lábẹ́ àpáta. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, bàbá mi fi í ta mí lọ́rẹ, bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ lẹ́ṣin. Nígbà tí ogun dé àárín, ó sá lọ bá àwọn ará Àríwá, ó fi Keziah ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kan lẹ́yìn àti oyún nínú. Mo pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ẹ gbọ́ nǹkan! Èmi tí mo gba gbogbo ayé rẹ̀ ni mò ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀.

“Ọ̀gá Leander, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta,” ó ní, bíi pé ọ̀nà ọjà la ti pàdé. “A ti kó ìbọn wa sílẹ̀. Mẹ́rin nínú wa ló fara gbọgbẹ́. Omi la fẹ́.”

Méjọ̀ Asa Crenshaw, igbákejì mi, bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀gágun, ẹ wo ẹrú yín! Ó ti di sájẹ́ǹtì! Ṣé kí n ṣe sàlúù fún un ni?”

Gideon ò wo ibi tó wà. “Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀gá. Ẹ mọ̀ mí.”

Crenshaw sún mọ́ ẹṣin mi. “Kí la máa ṣe fún wọn? Oúnjẹ àwa fúnra wa ò tó.”

Ẹ má wí pé inú ló ń bí mi. Inú ò bí mi. Mo ti sùn, mo ti jẹ búrẹ́dì àgbàdo pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀, orí mi pé. Mo yí ẹṣin padà, mo ní: “Méjọ̀, mi ò rí ẹni tó juwọ́ sílẹ̀ níbí.”

Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà yé Gideon kó tó yé Crenshaw. Ó ké sí mi, kò sì pè mí ní ọ̀gá. “Leander!” ló pè, bó ṣe máa ń pè mí nígbà tá a wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, kí wọ́n tó nà án nítorí ẹ̀. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Kọfí tó wà nínú kọ́ọ̀bù mi ò tíì tutù tí wọ́n fi parí ẹ̀. Ọkùnrin mọ́kànlélógún. A kó wọn sí kòtò tí wọ́n ti máa ń wa amọ̀, a da ilẹ̀ bò wọ́n, a sì lọ.

A pàdánù ogun náà, àmọ́ àwọn èèyàn wa ń wá akọni lójú méjèèjì, ni wọ́n bá gbé ilé ìwé yìí lé mi lọ́wọ́. Ẹ má retí kí n sọ pé mi ò ṣe rere kankan. Mo ṣe é. Mo gba ọmọ àgbẹ̀ tí kò ní bàtà, mo sọ ọ́ di adájọ́, mo sọ ọ́ di dókítà. Mi ò ní kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ. Ṣùgbọ́n rere náà ni mo fi ń bo òkú mọ́lẹ̀.

Ẹ ò sì tíì gbọ́ èyí tó burú jù.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1876, Keziah wá sí ọ́fíìsì mi láàárọ̀. Ọjọ́ méjì ló fi rìn. Ó ti fi sítáàṣì sí aṣọ rẹ̀, ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò jókòó, torí mi ò ní kó jókòó.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gágun,” ó ní, “wọ́n ní ẹ̀yin lẹ wà lójú ogun Tarver. Gideon ò padà wálé. Ẹjọ́ kọ́ ni mo wá rò. Ibi tí wọ́n sin ín sí nìkan ni mo fẹ́ mọ̀, kí n lè gbé òkúta kan sí i.”

Láti ojú fèrèsé mi, èèyàn ń rí odò náà. Mo lè sọ pé mi ò mọ̀, ì bá sì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé ó máa bi ẹlòmíì. Mo bá rọ ohùn mi, irú ohùn tí mo fi ń bá òbí tí ọmọ rẹ̀ fìdí rẹmi sọ̀rọ̀.

“Keziah, ó dùn mí pé èmi ni mo máa sọ ọ́ fún ẹ. Gideon ò kú. Ó sá kúrò lójú ogun. Wọ́n ti rí i ní Kansas, òun àti obìnrin mìíì. Wọ́n tiẹ̀ ti bímọ.”

Ó bi mí pé, “Ṣé ó dá yín lójú, sà?”

“Ó dá mi lójú.”

“Ẹ ṣé, Ọ̀gágun. Ó sàn kéèyàn mọ̀.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Mo gbọ́ ọ níta tó ń sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀ pé, “Ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ ò ní bàbá.” Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó yọ orúkọ Gideon kúrò lára wọn, ó sì sun lẹ́tà kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà rán sí i rí. Ọta ìbọn pa Gideon lẹ́ẹ̀kan. Èmi tún un pa lọ́kàn ìyàwó rẹ̀, lórí àga, nínú aṣọ tó mọ́.

Lóṣù tó kọjá, mo sọ fún Crenshaw pé mo fẹ́ jẹ́wọ́. Òun ni alága ìgbìmọ̀ wa báyìí.

“Leander, ṣé orí ẹ ti dàrú ni? Wọ́n ti ń gbẹ́ ère ẹ lọ́wọ́!”

“Kí wọ́n fọ́ ọ.”

“Ìwọ lo pàṣẹ!”

“Èmi ni. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn. Ìwọ lo yìnbọn, wá sọ tìẹ.”

Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde, ó sì ní kí àwọn ọkùnrin méjì lọ máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé ìlú yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ èyí ní ìlú tí ẹ ò mọ̀. Wọ́n ní mò ń da ẹrẹ̀ sára àwọn òkú wa. Òkú wa kẹ̀! Ilẹ̀ wa ni wọ́n bí àwọn mọ́kànlélógún yẹn sí, àwọn ló ro ó, inú rẹ̀ ni wọ́n sì wà. Ta wá ni òkú wa?

Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀ jù. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín ni pé bí àgbàlagbà tí ẹ fẹ́ràn bá ń kọ́ yín ní ìtàn, tó sì ń ka gbogbo rẹ̀ geere láìkọsẹ̀, ẹ bi í pé níbo ló dúró sí lọ́jọ́ náà. Bó bá bínú, ẹ tún bi í.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí Keziah ń lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lójú àwọn ọmọ ẹ̀, tí wọ́n ti dàgbà, àti lójú gbogbo ìjọ. Kò sunkún. “Ẹ mú wa lọ síbẹ̀,” ló sọ. A dé etí odò náà lọ́jọ́ kejì, oòrùn mú ganrínganrín. Mo fi ọ̀pá mi gún ilẹ̀, mo ní ibí ni. Mo la ẹnu kí n bẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí obìnrin yìí, “ẹ” ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀.

“Kúrò níbẹ̀,” ó ní. “Òjìji rẹ bò wọ́n.”

Mo kúrò.