Ọwọ́ Tí Mo Fi Rọ Ọmọ Raheemat Lágbo

Ẹ jókòó, ẹ̀yin alásàlátù. Kí ẹnikẹ́ni má tíì ṣàdúà fún mi. Abdulkabir, má dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò, wọlé. Ọ̀rọ̀ Raheemat ìyàwó rẹ tí o lé padà sí Ìlọrin ni mo fẹ́ sọ. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sílé. Mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé èmi ni mo máa ń wẹ ọmọ fún àwa Yorùbá ní Mabera nílẹ̀ Hausa níbí, èmi ni mo máa ń rọ wọ́n lágbo. Kò sí ìyá ọmọ tó ń kọ́ mi níṣẹ́. Àfi Raheemat! Ọjọ́ kan ó kúnlẹ̀, ó gbé ọṣẹ àti búta omi síwájú mi lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ kí ẹ tó gbé ọmọ." Haba! Èmi! Mo fọwọ́, mo rẹ́rìn-ín, inú mi ń hó.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìgbẹ́ gbuuru mú Maimunah, ọmọ tí Hàjàrá ọmọ mi bí. A gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Zahrau fi Hausa là á yé mi pé kòkòrò tí ojú ò lè rí, fáírọ́ọ̀sì, ló fà á. Inú ìgbẹ́ ọmọ ló wà, ọwọ́ ló sì ń gbé e dé ẹnu ọmọ mìíràn. Ó ní, "Hajiya, ẹ máa fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹ máa po ìyẹ̀fun oníyọ̀ yìí mọ́mi fún un, kí omi ara rẹ̀ má tán." Maimunah yè. Ìyókù ìyẹ̀fun náà wà nínú àpò mi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí ara ọmọ náà ò tíì yá tán, mo nùdí fún un, mo dìde, mo lọ rọ Abdulmuiz, ọmọ Raheemat. Omi wà. Ọṣẹ wà. Mi ò fọwọ́. Mi ò gbàgbé o, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Mo ní ká wo bí ọṣẹ ìyá rẹ̀ yóò ṣe gbà á. Mo tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀, mo bu àgbo sí àtẹ́lẹwọ́, mo fi dí i lẹ́nu. Ó ń jà, mo rọ ọ́ tán.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń yàgbẹ́ olómi. Raheemat sáré wá: "Màmá, ṣé kí n gbé e lọ sí ọsibítù?" Àpò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, "Eyín ló ń hù. Má fún un lómi, omi yẹn náà ló ń yà jáde." Ìkà ni mí, wàláhì. Àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn, ó ń sunkún, omi ò jáde lójú rẹ̀, mo ń wò ó, mo ní kí ìyá rẹ̀ ṣe sùúrù. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e jáde lọ sí ọsibítù, inú kẹ̀kẹ́ ló kú sí, wọn ò tíì dé Kofar Rini.

Ìyẹn ò tíì tó mi. Abdulkabir, èmi ni mo pè ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ọmú ìyàwó rẹ ló korò, pé òun ló pa ọmọ. Irọ́ ni! Lọ bẹ̀ ẹ́ kó padà, bó bá ṣì fẹ́ rí ojú rẹ. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá wá tutọ́ sí mi lára, kẹ́nikẹ́ni má dì í mú.

Ẹ̀yin ìyá wẹ́wẹ́, bí àgbàlagbà bá kọ̀ láti fọwọ́, ẹ gba ọmọ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bínú. Raheemat rí i lọ́jọ́ yẹn pé mi ò fọwọ́. Ó wojú mi, kò fẹ́ kí n tún bínú sóun, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ fún mi.